Àmì Làálì Láyà Àlàájà

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Jóṣúà tí í ṣe káfíńtà l'Ọ̀mù-Àrán, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tó ń ríran wọnú ẹran ara. Orí òrùlé ló ti já bọ́ tí apá rẹ̀ fi kán. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó wá sílé wa ní Ìlọrin wá fara han bàbá mi, ó yọ fíìmù dúdú pẹlẹbẹ kan lábẹ́ agbádá, ó ní kí gbogbo wa bọ́ síta, ó sì nà án sójú oòrùn. Egungun apá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, funfun, pẹ̀lú ojú ibi tó ti ṣẹ́. Màmá mi ní òun ò lè wo egungun ẹni tó ṣì ń jẹun. Bàbá Jóṣúà ní kó wò ó dáadáa, pé òun náà ni, òun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí.

Bí mo bá sọ pé torí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ṣe rìn dé ìlú òyìnbó, irọ́ díẹ̀ á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ náà ò ní pọ̀.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà. Ilé wa kò jìnnà sí Post Office. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ gbogbo ọ̀nà kọ́rọ̀ tó já sí Ọjà-Ọba. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ àdúgbò Gàmbàrí tá a jọ ń ṣeré bá fẹ́ bú mi, "ará Ọ̀mù-Àrán" ni wọ́n máa ń pè mí, wọ́n á ní kí n máa lọ sílùú wa. Bá a bá wá lọ ṣọdún Kérésì l'Ọ̀mù-Àrán, àwọn ọmọ ibẹ̀ á ní "ọmọ Ìlọrin ti dé". Ọ̀rọ̀ mi wá dà bíi ti àdán, tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ. Mo rò ó lọ́kàn mi pé tí mo bá dé ibi tó jìnnà gan-an, ibi tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé àlejò ni mí, ọ̀rọ̀ náà á tán.

Ìgbà tí ogun abẹ́lé ń parí lọ ni mo kúrò nílé, ìlú kan lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì dé sí. Òtútù ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nílé. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìdákẹ́jẹ́ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo bá ìyá onílé mi pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ìyá náà rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ kiri, ó ń bi mí bóyá yẹtí ni àbí owó ẹyọ. Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, à ń wá ohun tí kò sọnù. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn ló gbé mi dé òpin oṣù náà.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni ti àwọn tó ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ̀rọ kóbáọ̀tì la fi ń ṣe é. Ìtànṣán tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ náà jáde, ojú kì í rí i, ara kì í mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ibi tó bá bà ló ń jó. Bó bá ba àrùn, àrùn ń kú. Bó bá ba ẹ̀dọ̀fóró tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀, wàhálà dé. Nítorí náà gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wa ò ju ẹyọ kan lọ: kí aláìsàn sùn lónìí bó ṣe sùn lánàá, kó má fi ìwọ̀n ìka kan yẹ̀. A máa ń fi tàdáwà aláwọ̀ àlùkò tó ṣókùnkùn bíi dúdú fa àmì sí ara wọn, a ó wá mú àmì náà bá iná tó ń tàn láti orí ẹ̀rọ mu.

Ṣùgbọ́n awọ ara a máa sún. Egungun ni kì í sún. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ya fíìmù àyẹ̀wò. A ó ti fíìmù sábẹ́ aláìsàn, a ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tan díẹ̀, a ó lọ fọ fíìmù náà nínú yàrá òkùnkùn, a ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi wọn ibi àrùn níjọ́ kìíní. Bí egungun inú méjèèjì bá wà lójú kan náà, ọkàn á balẹ̀. Fíìmù kóbáọ̀tì kì í mọ́ kedere bíi ti apá Bàbá Jóṣúà o. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń wo Òkè Sóbì n'Ìlọrin láàárọ̀ ọyẹ́: o mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n o ní láti fojú wá a. Èmi fẹ́ràn àtimáa wá a. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí wá wo èyí tó bá ṣókùnkùn jù. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo ní ọyẹ́ ló kọ́ mi.

Ohun kan wà tí n kò kọ sínú lẹ́tà sílé. Látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, èjìká àwọn èèyàn ni mò ń dì mú, mò ń gbé ìgbáròkó wọn sọ́tùn-ún, mò ń gbé orí wọn sósì, mò ń sọ pé kí wọ́n má mira. Bí mo bá wá délé, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn mí títí ilẹ̀ á fi tún mọ́. Mo lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìgbọ́ orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Ní ọjọ́ Túsìdeè nìkan ni mo máa ń gbọ́ ọ. Bàbá mi àti màmá mi á ti dúró sí Post Office Ìlọrin ní ọ̀sán, èmi á fi fóònù pè wọ́n láti ibi tí mo wà, ìkíni á sì gba àkókò náà tán. A ó kí iṣẹ́, a ó kí òtútù, a ó kí ilé. Nígbà tá a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an, ẹ̀rọ á gé.

Báyìí ni mo wà títí di ọdún kẹrin, tí wọ́n gbé káàdì aláìsàn tuntun kan lé mi lọ́wọ́. Mo ka orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jáde síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, mo rí obìnrin kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, tó fi gèlè di orí mọ́lẹ̀, tó wá fi ìborùn bò ó, tó ń wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá." Ó wo bàtà mi, ó wo aṣọ funfun mi, ó wá wo ojú mi.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo ní ọmọ tíṣà ni mí, lẹ́bàá Post Office, n'Ìlọrin. Ó ní àwọn tíṣà ẹ̀bá Post Office, ará Ọ̀mù-Àrán ló pọ̀ nínú wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó ní, "Àwọn ará Ìgbómìnà. Bí èèyàn bá dé ojú ọ̀run, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ ó sì ní kó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀." Ló bá di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Àlàájà Sàfúrá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ agbolé kan ní Gàmbàrí ni, aṣọ ló ń tà l'Ọjà-Ọba. Kókó kan ló hù láàárín àyà rẹ̀ tó ń fún ọ̀nà ọ̀fun, tó jẹ́ pé omi ẹ̀kọ nìkan ló kù tó ń gbà kọjá. Ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń kàwé nílùú náà ló ní kó wá. Dókítà àgbà sọ fún wa pé irú kókó yẹn máa ń gbọ́ràn sí ìtànṣán lẹ́nu, bí ìtànṣán bá sáà ti bà á lójoojúmọ́, Mọ́ńdè sí Jímọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìtàsé. Ẹ̀dọ̀fóró wà lọ́tùn-ún, ẹ̀dọ̀fóró wà lósì, ọ̀pá ẹ̀yìn wà lẹ́yìn. Ojú ibi tá a ń wá kò fẹ̀.

Nígbà tá a fa àmì sí i láyà tán, ó gbé orí sókè, ó wò ó, ó ní ṣé a fẹ́ sọ òun di onígbàgbọ́ ni tá a fi ya àgbélébùú sí òun láyà. Mo ní, "Ìyá, oríta ni, kì í ṣe àgbélébùú." Ó ní oríta náà ò dáa fún ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀gá wa, Mísíìsì Pọ́tà, obìnrin kan tí kì í fàkókò ṣòfò, bi mí ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní kí n sọ fún Àlàájà pé kò gbọdọ̀ fomi kan àyà títí a ó fi parí.

Mo sọ ọ́. Àlàájà fa ìborùn rẹ̀ bo àyà. Mo rò pé ó ti gbà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ dáadáa. Fíìmù àyẹ̀wò ọjọ́ kìíní bá ti ìwọ̀n mu. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì, Àlàájà dùbúlẹ̀, a ṣí aṣọ lórí àyà rẹ̀, àmì náà sì wà níbẹ̀, ó gún régé, ó dára ju èyí tá a fà lọ. Iná ẹ̀rọ bá a mu pátápátá. Mísíìsì Pọ́tà ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà pé ká jáde, ká tanná. Ohun kan kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Tàdáwà wa kì í dán. Èyí ń dán bí ẹ̀yìn ìgbín. Mo fi àtàńpàkò kàn án, mo wo àtàńpàkò mi. Tìróò ni. Gbogbo ọmọbìnrin tó bá dàgbà n'Ìlọrin mọ tìróò, ìbáà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo ní ká ya fíìmù kí a tó tanná. Mísíìsì Pọ́tà ní kí ló dé. Àmì wà níbẹ̀, iná wà lórí àmì, àwọn èèyàn sì jókòó síta tí wọ́n ń dúró. Ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni mí, n kò gbó o lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Ibi tí egungun wà ni mo fẹ́ mọ̀, Mà, kì í ṣe ibi tí àmì wà."

Ó wò mí. Ó ní kí n yà á kíá.

Nínú yàrá òkùnkùn, mo gbé fíìmù náà sókè tòun ti omi tó ń kán lára rẹ̀. Ọ̀nà èémí máa ń yà sí méjì nínú àyà bí ẹ̀ka igi, ibi tó ti yà yẹn ló sì yẹ kó wà láàárín gbùngbùn. Ní ìsàlẹ̀ pátá ni mo ti rí i, létí. Bí a bá tanná bẹ́ẹ̀, ìdajì kókó náà ni ìtànṣán ì bá bà, ìyókù ì bá máa gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀. Mo gbé e lọ fún Mísíìsì Pọ́tà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìṣáájú, ó wò ó pẹ́. Ó lọ pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀.

Mo jókòó ti Àlàájà, mo bi í. Kò fi pamọ́. Ó ní Jímọ̀ ló dé. Láti ìgbà tí òun ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, òun ò lọ kírun Jímọ̀ láìwẹ̀ rí. Mo rán an létí pé àwọn ààfáà gbà kí aláìsàn lo yẹ̀pẹ̀ dípò omi. Ó ní yẹ̀pẹ̀ Ìlọrin ni àwọn ààfáà ń sọ, pé níbo lòun ti fẹ́ rí yẹ̀pẹ̀ nílùú tí wọ́n ti da ọ̀dà bo gbogbo ilẹ̀. Ó wẹ̀, àmì náà ṣí, ẹ̀rù bà á. Ló bá dúró síwájú dígí ọmọ rẹ̀, ó fi tìróò tún un fà.

"Mi ò fẹ́ dá iṣẹ́ kún iṣẹ́ yín ni," ó ní. "Ṣé kò gún ni?"

Ó gún. Àléébù rẹ̀ ò ju pé orí ìdúró ló ti fà á. Tí obìnrin bá dúró, awọ àyà rẹ̀ á wálẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀, á gùn padà sókè, á sì gbé àmì lọ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ò tọ́.

Dókítà àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní nínú ohun méjì kí ó mú ọ̀kan: kó jáwọ́ nínú ìwẹ̀, tàbí ká fi abẹ́rẹ́ gún àmì kéékèèké tí kò ní parẹ́ sí i lára. Bí kò bá mú ìkankan, òun á dá ìtọ́jú náà dúró, torí ìtànṣán tó bá tàsé burú ju àìtan rárá lọ. Àlàájà gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu mi. Ó ní ara tí Ọlọ́run dá fóun, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fín in. Ó ní òun á dúró dè wọ́n di Jímọ̀ yìí, pé kí wọ́n tún tàdáwà wọn fà, òun ò ní fomi kàn án títí di ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á máa lọ sílé, kí ohun tí Ọlọ́run bá kọ ṣẹlẹ̀ sóun l'Ọjà-Ọba.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fún wa.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀ pé mò ń wò ó. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo bi í ìgbà wo ló lé làálì. Ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọbìnrin òun ni, kí òun tó wá. Mo kà á, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, alùwàlá ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Mo dìde. Mo ní, "Ìyá, làálì kì í dínà fómi, àbí?" Ó ní kì í dí i, ààfáà wo ló fẹ́ bá òun jà lórí làálì.

Mísíìsì Pọ́tà ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí mo bá dán an wò ní apá ti ara mi, tí mo fọ̀ ọ́ ní ọṣẹ tí kò sì ṣí, òun á bá dókítà sọ̀rọ̀. Mo ra làálì lọ́wọ́ ará Íńdíà kan tó ń ta ata àti ìrẹsì lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Mo pò ó mọ́mi, mo lé e sápá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí omi tíì ẹni tí kò fẹ́ ṣe àlejò. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjọ́ Túsìdeè ni.

Mo pe Ìlọrin. N kò kí iṣẹ́, n kò kí ilé. Mo ní, "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń po làálì kó lè dúdú?"

Mo gbọ́ tí màmá mi ń sọ fún bàbá mi pé ó ti ṣẹlẹ̀. Bàbá mi gba fóònù. Ohùn tó fi ń pe orúkọ ní kíláàsì ló fi bi mí, "Ọmọ agbolé wo ni?"

Mo ní, "Bàbá, n kò lọ́kọ. Aláìsàn ni mo fẹ́ lé e fún."

Ó ní ṣé ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ tún ṣàìsàn ni. Màmá mi gba fóònù padà, ó ní bó bá ti lè bọ̀wọ̀ fún òun àti bàbá mi, tí kò sì ní ju ìyàwó kan lọ, òun ò ní bínú. Ní ẹ̀yìn wọn, mo ń gbọ́ akọ̀wé Post Office tó ń kí wọn kú oríire. Mo pariwo pé ìṣẹ́jú ń lọ. Ìgbà yẹn ni màmá mi tó sọ ọ́, kíá: omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí n fi pò ó, kí n fi sílẹ̀ kó gbà á sára, kí n fi igi ìgbálẹ̀ fà á bí mo bá fẹ́ kó tín-ín-rín, kí n wé e, kí n má tú u títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀rọ gé. Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó gbà pé kò sí ọkọ.

Ọjọ́rú, apá mi dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Mísíìsì Pọ́tà fi ọṣẹ ilé ìwòsàn fọ̀ ọ́, ó fi sípíríìtì nù ún, ó tún fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ó ní, "Ó dára." Ó lọ bá dókítà, dókítà sì gbà.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìtọ́jú, Àlàájà wà lórí ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ iná ẹ̀rọ náà. Mo ti igi ìgbálẹ̀ bọ làálì, mo fà á lé ojú ìlà tàdáwà, ọ̀kan láàárín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní mò ń fà á bí ẹni tí kò lé làálì fún ìyàwó rí. Mo ní Ìgbómìnà ni mí, kó ṣe sùúrù. Ní Jímọ̀, a ya fíìmù, ó bá a mu, a tanná, ó sì lọ wẹ̀. Mo lálàá omi lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò parọ́. Ní Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, Mísíìsì Pọ́tà fúnra rẹ̀ ló ti fíìmù sábẹ́ rẹ̀.

Mo wọ yàrá òkùnkùn. Mo fojú wá a. Àárín gbùngbùn ni ẹ̀ka ọ̀nà èémí náà jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, Àlàájà jẹ ìrẹsì. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó bú àwọn òyìnbó pé ọbẹ̀ wọn ò láta, mo sì mọ̀ pé ara ti ń dá. Ó ti ní kí ọmọ rẹ̀ mú mi mọ gbogbo ọmọ Ìlọrin tó wà nílùú náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bi í pé ọmọ agbolé wo ni mí, ó ní, "Ọmọ wa ni," kò sì fi nǹkan kan kún un. Mo ti rin ìrìn tó jìn tó báyẹn kí n tó gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ tá a parí, ó ní òun fẹ́ rí fọ́tò tí mo máa ń sá lọ wò nínú òkùnkùn. Mo gbé fíìmù ti ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ náà sórí àpótí iná. Mo fi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án, mo fi ọ̀nà èémí hàn án, mo fi bí òjìji kókó náà ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn án àti bó ṣe ti kéré báyìí. Ó fi ìka tọ ẹ̀bá ìmọ́lẹ̀ náà yí po, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá dùbúlẹ̀, ìwọ ló ń wò bóyá ibí ni mo wà?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí èmi náà rí ẹni tí yóò máa wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ṣe àmín. Mo dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ, àpótí iná ṣì ń tàn, mo ń ka orúkọ àwọn tó ń wò mí: àwọn méjì tó ń dúró ní Post Office lọ́jọ́ Túsìdeè, àti òun. Mẹ́ta. Mo rí i pé n kò dá wà.

Ìwọ tí o gbọ́ mi dé ibí, nínú gbogbo àwọn tó ń kí ọ láàárọ̀ lálẹ́, ta ló ń yẹ̀ ọ́ wò dáadáa bóyá ibi tó yẹ kí o wà náà lo wà?